Bàbá Tó Ń Bá Àgùntàn Sọ̀rọ̀

Openshaw, ní ìlú Manchester, ni bàbá òyìnbó tí mo ń tọ́jú ń gbé, òun nìkan ṣoṣo. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọ́fíìsì wa fún mi láràárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́, kí n fún un lóúnjẹ àti oògùn. Ṣùgbọ́n ìtàn ni bàbá fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ.

Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, bàbá òun fi òun sídìí agbo àgùntàn ní ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí àwọn òyìnbó ń ṣàkóso ibẹ̀. Oṣù méjì lè kọjá kí ó tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bí àdáwà bá sú u, á gun orí òkúta, á máa bá àwọn àgùntàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá ìbò. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tó fi di olóṣèlú.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Daddy, ta ló ni ilẹ̀ yẹn kí ẹ tó débẹ̀?”

Ó ní, “A ò béèrè.”

Inú bí mi gan-an. Síbẹ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tún jókòó tì í. Látìgbà tí mo ti dé Manchester, òun nìkan ló ń sọ fún mi pé kí n jókòó díẹ̀.

Ọ́fíìsì ti kìlọ̀ fún wa pé orúkọ ni ká máa pe àwọn tí à ń tọ́jú. Èmi tí wọ́n kọ́ nílé, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa pe ẹni tó lè bí bàbá mi lórúkọ? Ọmọbìnrin bàbá náà dé láti Oldham nítòsí ní Sátidé kan, ó gbọ́ “Daddy” lẹ́nu mi.

“Kì í ṣe bàbá rẹ.”

“Jẹ́ kó máa pè mí bẹ́ẹ̀,” ni bàbá wí. “Ìwọ kì í wá.”

Ojú obìnrin náà pọ́n. Mo sáré kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àfi bíi pé mo da epo síná. Ó sún sẹ́yìn, ó ní mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá pe ọ́fíìsì wa. Ní Mọ́ńdè, wọ́n gbé iṣẹ́ mi lọ sí àdúgbò mìíràn. Wọn ò jẹ́ kí n dágbére fún bàbá.

Ó dùn mí dé egungun. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi á ti máa pè é lórúkọ, á sì ti máa tètè lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi mi, nínú yàrá tí èmi nìkan ń gbé ní Longsight, mo gbé ìrẹsì kaná. Mo kọjú sí ìkòkò, mo ní, “Daddy, ẹ káàárọ̀ o,” mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọ̀sẹ̀ mi. Bàbá ti sọ fún mi rí pé tí òun bá ń sọ̀rọ̀, àwọn àgùntàn máa ń gbójú sókè wo òun. Ìkòkò tèmi kàn ń hó ni.