Orúkọ tí Nímọ́tà Kò Pè

Nímọ́tà ti fi iṣẹ́ títẹ̀wé fẹ̀yìn tì ní Òmù-Àrán kí ọkọ rẹ̀ tó ní kó bá òun kọ ìtàn ìgbésí ayé òun. Bàbá ń sọ, Nímọ́tà ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà àlòkù wọn, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá Bàbá.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà ń dákú dájí. Epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú lọ́dún yẹn, síbẹ̀ Jàrátù ọmọ wọn gbé òmíràn bọ̀ láti Èkó fún Iléyá. Ó ń fi dísíkì kó fáìlì sínú tuntun, ló bá figbe ta.

“Màámi, ìtàn Bàbá ti sọnù! Mo wá ‘Àbúdùlàhí’ títí.”

“Ta ló rán ọ níyẹn? Ìyàwó wo ló ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Wá ‘Olówó-orí-mi’, jàre!”

Ó wà níbẹ̀ lódindi. Jàrátù dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì.

“Màámi, lẹ́yìn yín ńkọ́? Ta ni yóò mọ ibi tó wà?”

Nímọ́tà dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà tuntun.

“Ẹ má bínú, olówó orí mi.”

Ó wá fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ náà sórí fáìlì ọ̀hún: Àbúdùlàhí.