Igi Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gé Nítorí Àwòrán

Ọjọ́ tí wọ́n gé igi dóńgóyárò Bàbá Làsísì, èmi ni mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo ń júwe ibi tí yóò wó sí. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi ru agégi. Ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa.

Iṣẹ́ àǹténà ni mo kọ́. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, mo sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Gàníyù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kabala Doki. Nígbà náà, dékódà kò tíì gbòde ní Kaduna. Àǹténà orí páìpù ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Ẹnì kan á gun òrùlé, á máa yí páìpù díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kejì á dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni òkè á bèèrè ní Hausa pé, "Ya yi?", ṣé ó ti ṣe? Ẹni ìsàlẹ̀ á dáhùn pé, "Bai yi ba," kò tíì ṣe. Tọkọtaya kan wà ní Malali tó jẹ́ pé ìgbà tí àǹténà bá bàjẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Òfin kan ni ọ̀gá mi fi lélẹ̀: kí o tó di ẹ̀bi ru ohunkóhun, kọ́kọ́ tú jọ́ìntì wò. Jọ́ìntì ni ibi tí a ti so wáyà méjì pọ̀. Bí omi bá wọ ibẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á dà bí ìgbà tí ènìyàn da gààrí sí i lójú. Ọ̀gá mi a máa sọ pé ọ̀pọ̀ gààrí tí a ń rí, jọ́ìntì ló ń bù ú.

Ilé Bàbá Làsísì ni iṣẹ́ kejì tí mo dá ṣe lẹ́yìn tí mo kọ́ṣẹ́ parí, tí mo ṣe fúrídọ̀mù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá, ó ti fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Kudenda. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin dóńgóyárò náà síwájú ilé. Abẹ́ rẹ̀ ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Màlámù Audu àti Bàbá Jóṣúà, ti máa ń ta dáráfù lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àílà. Bí bọ́ọ̀lù bá wà, bàbá á gbé tẹlifíṣọ̀n sójú fèrèsé, á kọ ojú rẹ̀ síta, wọ́n á máa wò ó lábẹ́ igi.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo gbé àǹténà wọn sókè. Wáyà kò tó, mo bá so òmíràn mọ́ ọn, mo fi ọ̀rá búrẹ́dì wé ojú ibẹ̀, mo lẹ téèpù lé e. Àwòrán mọ́ kedere.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Gààrí ti bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Mo gun òrùlé, mo yí páìpù títí ọwọ́ fi ń ro mí. Bai yi ba. Mo wo iwájú, mo rí igi, ewé rẹ̀ ti kún. Mo bá ṣírò ó: nígbà ọyẹ́, ewé já, àwòrán mọ́, nígbà òjò, ewé kún, àwòrán bàjẹ́. Jọ́ìntì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi níbẹ̀. N kò tú u. Èmi ni mo so ó, kí ni mo tún fẹ́ tú u fún?

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní igi ni. Bàbá wo igi, ó wò mí.

"Ṣé ó dá ọ lójú, ẹnjiníà?"

"Ó dá mi lójú, bàbá."

"Tí a bá gé ẹ̀ka díẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ẹ̀ka á tún hù. Màlámù Audu, tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tiwa lọ, ní, "Kai, n kò mọ̀ pé igi yìí ń dí wa lójú. Èmi rò pé òun náà ń bá wa wo bọ́ọ̀lù ni."

Ọ̀sẹ̀ tí a gé e, òjò kò rọ̀. Àwòrán mọ́. Mo ń yan kiri àdúgbò. Nígbà tí ọ̀gá mi gbọ́, ó bi mí bóyá mo kọ́kọ́ tú jọ́ìntì wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni.

Àmọ́ oòrùn Kaduna kì í ṣe oòrùn tí ènìyàn ń jókòó sí. Màlámù Audu kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Bàbá Jóṣúà ní kí òun máa sinmi nílé. Nígbà tí mo ń kọjá lọ́jọ́ kan, bàbá nìkan ni mo rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé pátákó dáráfù sórí itan. Tẹlifíṣọ̀n kọjú síta, ó ń han kedere fún kùkùté.

"Ẹnjiníà," bàbá ní, "àwòrán dára."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò ńlá rọ̀. Mo lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. Gààrí ti padà dé. Mo gun òrùlé, mo tú ọ̀rá búrẹ́dì, omi dà sí mi lọ́rùn ọwọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú wáyà ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ìgbà tí ewé ń kún náà ni òjò ń rọ̀. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo so ó dáadáa, mo dí i pa. Bàbá ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ya yi!"

Mo pẹ́ díẹ̀ lórí òrùlé. Irọ́ mẹ́ta ló wá sí mi lọ́kàn, gbogbo wọn ló sì dára. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi wáyà tó bàjẹ́ náà sí bàbá lọ́wọ́.

"Bàbá, kì í ṣe igi. Èyí ni. Èmi ni mo so ó."

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó bi mí bóyá mo wò ó kí a tó gé igi. Mo ní rárá. Ó na ọwọ́ mú pátákó dáráfù.

"Jókòó," ó ní. "Ṣé o mọ dáráfù ta?"

"Díẹ̀, bàbá."

"Bí o ṣe mọ àǹténà náà nìyẹn. Tò ó."

Ó nà mí ní dáráfù lẹ́ẹ̀marùn-ún. Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ jẹ́wọ́ irọ́ mi fún ọ̀gá mi. Ó ní òun ti mọ̀. Ẹni tó bá tú jọ́ìntì kì í yára dáhùn báyẹn.

Òjò yẹn náà ló mú kí kùkùté hù. Mo fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo ń lọ bomi rin ín, bàbá á sì nà mí ní dáráfù. Ní ọdún kejì, ìbòji rẹ̀ tó ẹnì kan. Màlámù Audu dé, ó ní ìjókòó òun ni mo jókòó lé. Ní ọdún kẹta, Bàbá Jóṣúà dé.

Igi náà ti ga ju òrùlé lọ báyìí. Iwájú àǹténà gan-an ló hù gbà. Bí òjò bá ń rọ̀, ewé rẹ̀ tó tutù á máa na àǹténà lójú, Màlámù Audu á sì ké sí mi pé kí n wá wo tẹlifíṣọ̀n.

Àwòrán mọ́ kedere.