Okùn Tí Bàbá Mi Fi Ń Wọn Ara Rẹ̀

Ṣòkòtò tí mo fi ọwọ́ ara mi rán ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, mi ò sì dá a mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pín aṣọ bàbá mi lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni, ní abúlé wa lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ àwọ̀ aṣọ náà. Sípù rẹ̀, èmi ni mo rà á ní ọjà Tejúoṣó. Àmọ́ ìbàdí rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ ilé ìwé. Mo yí inú rẹ̀ síta. Ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ dín in kù, ìlà lórí ìlà.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló mú mi wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Yábàá, nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdírì. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ọmọ márùn-ún ló ń bọ́. Láti gáréèjì Ìdó dé Costain ló ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń bára wọn jà níbí ni?" Kò padà wá sí Èkó mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Àǹtí Rísí ọ̀gá mi fi téèpù kọ́ mi lọ́rùn. "Dúpẹ́, ara tí o ò bá fọwọ́ kàn, má gé aṣọ fún un o."

Bàbá mi ló kọ́kọ́ mú mi rú òfin yẹn. Kò fẹ́ ṣòkòtò olókùn. Onísípù ló fẹ́, bíi ti tíṣà, èyí tó máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti fẹ́ tuntun, á fi okùn rán awakọ̀ sí mi ní Ìdó. Láti orí okùn dé kókó àkọ́kọ́ ni ìbàdí, láti ibẹ̀ dé kókó kejì ni gígùn ẹsẹ̀. Àǹtí Rísí rẹ́rìn-ín títí. "Ṣé ewúrẹ́ ni bàbá ẹ ní kó o so?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ kúkú ka nọ́ńbà fún mi lórí fóònù."

"Nọ́ńbà máa ń ṣìnà lẹ́nu èèyàn. Okùn kì í purọ́."

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Múṣín, mo lóyún, mo bímọ. Okùn ń dé, mo ń rán. Ìyá mi nìkan ló wá síbi ìkómọ. Ó ní ebè ni Bàbá ń kọ. Bí mo bá pe Bàbá lórí fóònù, ohùn rẹ̀ á ki. "Ó ṣe rẹ́gí, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín aṣọ yẹn, mo gbé ṣòkòtò náà lọ bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé.

"Ta ló dín aṣọ yìí kù?"

"Èmi ni."

"Èyí nìkan?"

"Gbogbo wọn."

"Okùn tó ń fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí okùn ògbólógbòó kan tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ni Bàbá fi wọn ara rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì kún, kí inú rírun tó dé. Lára okùn yẹn ló ti ń wọn gbogbo àwọn tó ń fi ránṣẹ́ sí mi.

"Ó ní bí okùn bá fi kúrú pẹ́nrẹ́n, wàá ti ṣọ́ọ̀bù pa, wàá gbé ọmọ jòjòló sáré wálé."

"Ṣé kò wá yẹ kí n wálé ni, Ìyá mi?"

Ó ní, "Má wo ìránkúràn mi. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Títí di báyìí, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Bí mo bá fẹ́ dúpẹ́, inú á bí mi. Bí inú bá ti bí mi tán, ẹkún á dé. Wọ́n ní Bàbá á dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè rí sípù rẹ̀, á ní, "Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ló rán an." Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi ló sì so ó mọ́ ọn nídìí. Ta wá ni wọ́n ń yìn? Mo ti gbé abẹ kí n tú ìránkúràn yẹn, mo tún gbé e sílẹ̀.

Àwọn oníbàárà mi ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Mo ní kí wọ́n wá fúnra wọn. Ọ̀kan bínú: "Láti Sùúrùlérè! Àǹtí Dúpẹ́, ṣé ẹ fẹ́ gbẹ́ ère mi ni?" Mo ní ẹ má bínú, ẹ ṣáà wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ pè mí láti Ìdó. Ìyá mi fi okùn ránṣẹ́, bùbá ló fẹ́. Mo lọ gba okùn náà ní gáréèjì, mo ká a sínú àpò, mi ò fi wọn nǹkan kan. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n tó wá. Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, téèpù wà lọ́rùn mi.

"Ògbómọ̀ṣọ́, ó ku ẹnì kan!"

Mo wọ ọkọ̀.