Pákó Olóòfà Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo lè dúró sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ bàbá mi láìtẹ orí ba, ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Odígbó ni gbogbo àdúgbò ń gbé ohun tó bá bàjẹ́ wá. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, bí ìdí garawa yín bá lu, ẹ ó jù ú nù, ẹ ó ra òmíràn. Láyé tiwa, ẹni tó bá ju garawa nù láìkọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, àpà ni wọ́n ń pè é. Mo ti darúgbó báyìí, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ìtàn yìí ń dùn mọ́ mi. Ó ń bí mi nínú títí di òní. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìbínú ìyá arúgbó, kó tètè wá ibòmíràn jókòó sí.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Kì í ṣe ọmọ alágbẹ̀dẹ, kò sì kọ́ iṣẹ́ irin lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, oko ẹ̀gẹ́ àti kòkó ló ń lọ. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á wẹ̀, á jẹun, á wá jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kékeré tó fi ewé ọ̀pẹ bò. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni páànù tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Á gé páànù, á fi ìṣó lu ihò sí i lára láti ẹ̀yìn kí ojú kejì lè mú, á kàn án mọ́ igi. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí láti Àgbábù títí dé Ọ̀rẹ̀ ní kò sí páànù tó mú bíi tirẹ̀.

Bí ẹ bá rí àwọn irinṣẹ́ tó fi ń ṣe é, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Orí òòlù rẹ̀, ara lọ́rí kan tó dojú dé lọ́nà Ọ̀rẹ̀ ló ti yọ ọ́. Igi ọsàn ló gbẹ́ ṣe èèkù rẹ̀. Irin ńlá tó ń lu nǹkan lé lórí, inú ẹ́ńjìnì tó ti kú ló ti wá. Ìyókù, ọwọ́ bàbá onímọ́tò-kú kan, tó ń tú irin ara ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ọ̀rẹ̀, ló ti ń rà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Mùsùlùmí ni bàbá náà, ó máa ń tẹ́ àpò sílẹ̀, á da irin lé e lórí wìtìwìtì, á sì lọ kírun, kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ. Bàbá mi ò jẹ́ ra irin láìdán an wò. Bó bá jẹ́ súpánà ni, á fi kan òkúta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á dẹtí: èyí tó bá ń dún gooro, irin gidi ni, èyí tó bá dún bí ẹni lu iṣu, á rọra gbé e padà sórí àpò. Bó bá jẹ́ ẹ̀mú ni, á pa ẹnu rẹ̀ dé, á gbé e kọjú sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín rẹ̀ kọjá, kò ní rà á. Lẹ́yọ lẹ́yọ báyìí ló fi kó wọn jọ, láti ìgbà tí n kò tíì lè rìn.

Ìyọnu kan ṣoṣo tó ní ni ibi tí yóò kó wọn sí. Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ti ń rin tó nígbà òjò. Ohun tí a bá gbé sílẹ̀ lónìí, ó ti dípẹtà kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìṣó tó bọ́ sílẹ̀ láìmọ̀ gún ìyá mi lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà wú débi pé kò lè lọ ọjà fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ti ń wá bí irin kò ṣe ní fara kan ilẹ̀ mọ́ nínú ọgbà wa.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló bá a yanjú rẹ̀ láìmọ̀. Spíkà ńlá ìjọ wa bẹ́ lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n sì fẹ́ gbé e sọ sí ààtàn. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n, ó gbé e wálé, ó tú ìdí rẹ̀, ó yọ òòfà róbótó kan tó wúwo jáde, èyí tó ń fa irin mọ́ra. Ó di pé gbogbo rédíò tó bá ti kú ní Odígbó, ilé wa ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ wá. Nígbà tí òòfà pọ̀ tó, ó wá pákó ìrókò gígùn kan, ó gbẹ́ ihò sí i lára ní ìtò, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àgbábù lọ bu ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀. Agolo mílíìkì ló fi yọ́ ọ̀dà náà lórí iná. Ó dà á sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó tẹ òòfà bọ̀ ọ́, ó wá kan pákó mọ́ ògiri. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ pé ọ̀dà Àgbábù yóò sọ gbogbo wa di olówó. Gbogbo ìjọba tó bá ti dé ló ń sọ ọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo fi ojú ara mi rí i pé ọ̀dà náà ṣe ni èyí, ó lẹ òòfà mọ́ pákó bàbá mi.

Ìyá ìjọ kan wá gbé ìkòkò, ó rí òòlù àti ẹ̀mú tí wọ́n fara mọ́ ògiri láìsí ìkọ́, láìsí okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Jésù. Bàbá mi yọ òòlù, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní kó sún un mọ́ pákó. Pákó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, òògùn kọ́," ni bàbá mi wí, "irin ló fẹ́ràn irin." Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ìkòkò fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi ki ìṣó bọ iná, ó sì fi ìṣó gbígbóná náà fa ìlà yí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ká lórí pákó, kí olúkúlùkù lè mọ ipò rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á wo pákó. Ojú ìlà tó bá ṣófo, gbogbo ilé ni yóò wá ohun tó ni ín kí a tó sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ló sábà máa ń rí i, nítorí òun ló ń bá bàbá wa ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tí ojú bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ẹ̀gbọ́n mi ló ń lu páànù, bàbá wa á kàn fi àtàǹpàkò kan ihò wò, á ní, "Ó mú, ọma mi." Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Gbogbo ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé láyé wà lára ògiri yẹn.

Bàbá wa wá kú. Ìyàwó mẹ́ta ló ní, a sì mọ bí wọ́n ti ń pín ogún nílẹ̀ wa: ìdí igi mẹ́ta, ìpín mẹ́ta tó dọ́gba. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí ló jókòó sórí àga. Ó gbàdúrà, ó sì pa á lówe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n pín oko kòkó. Wọ́n pín aṣọ. Wọ́n wá ní kí wọ́n ṣí gbogbo irin ara ògiri, kí wọ́n gbé irin ńlá ìdí tábìlì mọ́ ọn, kí wọ́n kó o sórí ẹní.

A kì í pe obìnrin sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ò jìnnà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má fún mi ní aṣọ, ẹ má fún mi ní kòkó. Ẹ jẹ́ kí irin wọ̀nyí wà lójú kan, kí n máa fi ṣiṣẹ́, kí gbogbo ilé máa jẹ níbẹ̀."

Olórí ẹbí ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni bàbá rẹ bí ni? Ọma bàbá kan náà ni gbogbo yín. A ò ní gbé ogún ẹni mẹ́ta fún ẹnì kan."

Ni wọ́n bá pín in. Òòlù lọ sọ́dọ̀ ọmọ ìyàwó kejì. Irin ńlá tí a ń lu nǹkan lé lórí lọ sọ́dọ̀ ọmọ ìyàwó kékeré. Ẹ̀mú àti àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé páànù bọ́ sọ́wọ́ tiwa. Dírìlì aláfọwọ́yí kan wà níbẹ̀, kò sì ṣeé gé sí mẹ́ta, nítorí náà wọ́n fún ìdí igi kan ní ara dírìlì, wọ́n fún èkejì ní àwọn ẹnu rẹ̀ tó ń lu ihò. Ẹ má rò pé ìkà ni wọ́n o. Ìdọ́gba ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i. Olórí ẹbí dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ṣojúsàájú. Mo ti rí àwọn ènìyàn burúkú láyé mi, kò sí èyí tó ba nǹkan jẹ́ tó àwọn ènìyàn rere ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú. Ó yá òòlù, wọ́n yá a. Ó tún yá a, wọ́n fojú burúkú yá a. Nígbà tó padà lọ, ìyá ẹni tó ni ín béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ọgbọ́n ló fẹ́ fi gba ohun ọmọ òun ni. Kò lọ mọ́. Wọ́n fi òòlù náà pa èkùrọ́ títí èèkù rẹ̀ fi ṣẹ́. Irin ńlá di ohun tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró, kí onímọ́tò-kú tó wá gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọ̀rẹ̀, ó ń di ẹrù sí lọ́rí ní gáréèjì, ó sì di ẹrù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ọmọbìnrin ìjọ́sí fẹ́ ẹlòmíràn. Gbogbo Odígbó bẹ̀rẹ̀ sí í ra páànù tí kò mú.

Pákó náà kò sí nínú ogún. Wọ́n ní igi lásán ni. Èmi ni mo ṣí i lára ògiri, mo sì gbé e dání nígbà tí mo ń lọ ilé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n gbé e kọ́ níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti tó o, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tì í sábẹ́ ibùsùn láti ọdún gbọ́ọ́rọ́.

Ní Ọ̀rẹ̀ tí mo ń gbé báyìí, irin ti di yẹ̀pẹ̀. Ẹ ó rí wọn lẹ́bàá títì, nínú àpótí aláwọ̀ mèremère, òòlù, ẹ̀mú, súpánà ńlá àti kékeré, ní iye tí kò tó owó ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣe tísà, ń kan àpótí ìjókòó lẹ́yìnkùlé mi bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ti kọ́ ọ bí a ṣe ń fi súpánà kan òkúta, bí a ṣe ń gbé ẹ̀mú kọjú sí oòrùn. Ó ti mọ irin gidi rà dáadáa. Orí fóònù ló ti wá ra irin pẹlẹbẹ olóòfà kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó ń júwe rẹ̀ fún mi bí ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Nígbà tí òjò dé, ògiri rin, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣí, gbogbo irin dà sílẹ̀ gbàràgàdà. Mo bá tẹ̀ ba, mo fa pákó bàbá mi yọ lábẹ́ ibùsùn.

Òòfà náà ṣì ń gbé irin. Ọ̀dà Àgbábù ò tú. Ọmọ náà kàn án mọ́ ògiri, ó sì ń to àwọn irin tuntun rẹ̀ sójú ìlà tí bàbá mi fi ìṣó gbígbóná fà: òòlù sójú òòlù, ẹ̀mú sójú ẹ̀mú, dírìlì pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. N kò rántí pé ọjọ́ Ìsinmi ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń yà kí mi bí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì bíi ti bàbá wa. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà, ó sì dúró. Ó kọjú sí pákó náà.

"Wọ́n ti kó wọn padà wá ni?" ló béèrè.

Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ yìí ló ra tirẹ̀."

Ó mi orí. Ó nawọ́ sí òòlù, ó yọ ọ́, ó gbé e wò lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì dá a padà sójú ìlà rẹ̀ gan-an láìwo pákó. Ó ní ó fúyẹ́ ju ti bàbá wa lọ. Ó ní kí n fún òun lómi mu. Ó gbé àga, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, bẹ́ẹ̀ ló sì jókòó títí tó fi lọ.