Bàbá Ignatius àti Abẹ́rẹ́

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ kòrónà dé Òwu-Ìsin, orí igi máńgòrò ni wọ́n ti bá Bàbá Ignatius. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì! Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe débẹ̀. Fulera, nọ́ọ̀sì ìlú wa, dúró sábẹ́ igi, ó gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Ọwọ́ mi dí. Kaṣú ni mò ń ká."

"Bàbá, igi máńgòrò lẹ wà."

Bàbá wo ewé tòkè, ó wo ti ìsàlẹ̀. "Abájọ tí mi ò fi tíì rí ìkankan," ló wí, ó sì tún gun òkè sí i.

Ẹ̀rù oògùn òyìnbó tó ń ba bàbá kì í ṣe kékeré. Bí Fulera bá fún un ní oògùn oníhóró, á ní kó kọ́kọ́ gbé ìdajì mì lójú òun.

"Bàbá, oògùn aràn ni. Èmi ò ní aràn."

"Ta ló bá ọ wo inú rẹ?"

Fulera á gbé e mì. Kò sí nọ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìsin.

Dókítà kan wá kí wa nígbà kan. Bàbá bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì dárúkọ ọ̀gá rẹ̀.

"Ó ṣì wà láyé?"

"Rárá, bàbá. Àìsàn ló pa wọ́n."

Bàbá dìde, ó gbé fìlà rẹ̀. "Ó dàbọ̀ o. Bí ọ̀gá ò bá rí tirẹ̀ wò sàn, kí ni ọmọṣẹ́ fẹ́ rí ṣe sí tèmi?"

Àwa máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kì í bá wa rín in, torí wọ́n mọ Jòhánù, àbúrò Ignatius. Nígbà tí wọ́n wà léwe, ibà mú Jòhánù, ọkùnrin kan tó ń gbé báàgì oògùn kiri lórí kẹ̀kẹ́ sì gún un lábẹ́rẹ́. Ó ń súfèé bó ṣe ń fa oògùn náà. Ignatius ló di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú kó má bàa jà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọwọ́ náà ti tutù. Wọn kò rí ọkùnrin náà mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀ títí dòní.

Ó wá di ọdún kan, lẹ́yìn ìkórè iṣu, inú bẹ̀rẹ̀ sí run Rhoda, ìyàwó bàbá. Ó ń bì, inú rẹ̀ wú, ó le bí igbá. Bàbá se àgbo, àgbo ò dúró nínú. Fulera fọwọ́ kan inú náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, ó jọ pé ìfun wọn ti lọ́ mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká máa gbé wọn lọ sí Òmù-Àrán báyìí. Bí a bá fi falẹ̀, a lè pàdánù wọn."

Bàbá la ẹnu, kò rí àwàdà kankan níbẹ̀.

Ní ọsibítù, Ayọ̀túndé, dókítà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ní àfi iṣẹ́ abẹ. Bàbá rọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n gbé e.

"Bàbá Dámilọ́lá," Rhoda ń mí gúlegúle, "ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

Bàbá kọjú sí dókítà. "Ọmọ mi, má purọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, bàbá. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ la inú ènìyàn ló ń bà mí."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ẹni tó gún Jòhánù ń súfèé ni. Ẹ gbé e wọlé."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ Fulera mú pinpin bí ẹni tó ń la odò kọjá. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á di ojú. Nígbà tí dókítà jáde, bàbá dìde, ọwọ́ Fulera ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti jí, bàbá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè."

Bàbá sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó wá nu ojú, ó ní, "Kó o tó rán an padà, ṣé gbogbo ohun tó o bá níbẹ̀ lo kó padà síbẹ̀?"

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, ẹ̀rù náà kò fi í sílẹ̀. Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, àyà bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, mímí di iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a pe Fulera. Nígbà tó rí abẹ́rẹ́ tó fẹ́ mú ìrora náà rọlẹ̀, ó na apá.

"Ẹ̀rù ń bà mí o."

"Mo mọ̀, bàbá. Mo wà lọ́dọ̀ yín."

Ìrora náà rọlẹ̀, ó sùn. Àìsàn àyà náà ló mú un lọ lójú oorun; kò jí mọ́.

Rhoda fa aṣọ bò ó dé àyà. "Ẹ sinmi," ló wí, "akọni mi."

Akọni! Ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ojo. A wo ara wa lójú nínú yàrá náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fulera ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."