Nọ́ńbà Tí Mo Fi Ọ̀dà Kọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, abúlé wa wà láàárín Agége àti Ìkẹjà, níbi tí ẹ ti ń rí ògiri ilé iṣẹ́ lónìí. Igi obì ló yí wa ká. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń béèrè ìdí tí ara mi kì í fi í gbà á tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ nǹkan sára ògiri mi. Ẹ jókòó. Kì í ṣe ìtàn tí mo fẹ́ràn láti máa sọ.

Láyé ìgbà yẹn, nọ́ńbà ló ń sọ èèyàn di èèyàn. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní réluwè, nọ́ńbà tiwọn wà lára idẹ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbàgbé ẹ̀ sílé, bí wọ́n tilẹ̀ ṣiṣẹ́ dalẹ́, àwọn ọ̀gá á kà wọ́n sí ẹni tí kò wá. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí kò bá ní nọ́ńbà, ọlọ́pàá á gbé e lọ. Nílé ìwòsàn, nọ́ńbà ni wọ́n ń pín láàárọ̀. Ìyá tí kò bá rí i gbà á gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná padà sílé. Èmi náà ní tèmi níléèwé, mo sì ń fi yangàn. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, nìkan ni kò ní kankan. Wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ní tèmi o, n ò tíì dé ayé."

Yàrá wọn ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, bí a ti ń sin baálé ilé sínú ilé rẹ̀. Wọ́n rẹ́ símẹ́ǹtì sójú oórì náà, ó dán, ó tutù, ibẹ̀ làwa ọmọdé ń sùn sí nígbà ooru. Láàárọ̀, kí ìyá àgbà tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, wọ́n á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ọkọ wọn, wọ́n á ròyìn ilé: bí obì ṣe so sí, ẹni tó bímọ, ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ẹjọ́ tèmi ni wọ́n ń fi sùn jù.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin mẹ́ta dé pẹ̀lú okùn gígùn àti ìwé. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n sì fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ilé kọ̀ọ̀kan. Tiwa ni méje. Wọn ò sọ ohun tó wà fún, àwa náà ò béèrè. Àwọn ilé ẹ̀bá títì ní Agége ti ní nọ́ńbà tipẹ́, létà ń bá wọn nílé. A rò pé ó kàn wá ni. Ìyá mi se iṣu fún àwọn àlejò, wọ́n jẹ, wọ́n dúpẹ́. Ìyá àgbà lọ kúnlẹ̀ lójú oórì, wọ́n ní, "Olówó orí mi, wọ́n ti mọ ilé yín."

Òjò àkọ́rọ̀ fọ ẹfun náà dànù. Ojú ìyá àgbà rẹ̀wẹ̀sì. Gbogbo abúlé ló ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ilé tiwa ló ní ọmọ tó mọ̀wé kọ. Bàbá mi bu ọ̀dà dúdú díẹ̀ wá láti ibi iṣẹ́. Mo gun àpótí, mo tún méje náà kọ sára ògiri, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Itan adìẹ ni ìyá àgbà fún mi jẹ lọ́jọ́ náà, èmi ọmọdé. Opó tó múlé tì wá ní kí n wá bá òun kọ tòun. Mo ní ó rẹ̀ mí.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi gbé katakata tí ń wólé dé. Ọ̀gá wọn di ìwé mú, ó ní gbogbo ilé tó ní nọ́ńbà ni òun yóò wó, pé ilé iṣẹ́ ló ń bọ̀ níbẹ̀. Ó ní èyí tí òun ò bá rí nọ́ńbà rẹ̀, òun á fi sílẹ̀ di ìgbà tí awọnlẹ̀ bá padà wá. Ó fún wa di ọ̀sán.

Ìyá àgbà ò bẹ̀ ẹ́ nítorí ilé rárá. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta péré, kí n fi gbé ọkọ mi." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, idẹ ọrùn wọn wọ inú ẹrẹ̀. Ọkùnrin náà ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Bàbá mi bá sáré gbé ọkọ́, àwọn ọkùnrin abúlé wọlé bá wọn, wọ́n ń gbẹ́ símẹ́ǹtì náà. Ó le. Èmi sáré gba ìta lọ, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn àti yanrìn ha méje náà, mo ń ha á, mo ń sunkún, títí ìka mi fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀dà náà kàn ń dán sí i ni.

Wọn ò tíì dé ibi tí bàbá àgbà wà nígbà tí àwọn oníkatakata fi tipátipá kó wọn jáde. Ìyá àgbà, gbígbé ni wọ́n gbé wọn. Ilé náà wó lé ọkọ wọn lórí lójú wọn.

Ilé opó yẹn, tí kò ní nọ́ńbà lára mọ́, dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Ó hú egungun ọkọ rẹ̀, ó tún un sin sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ìyá àgbà lọ bá a dúpẹ́. Wọn ò bá mi wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú yàrá tí a háyà, wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Kò sí ẹni tí wọ́n lè fẹjọ́ mi sùn mọ́.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ta ni kò ní nọ́ńbà? Ti fóònù, ti báńkì, ti ìjọba; ẹ̀yin ọmọ mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórí mọ́, fóònù ló ń bá yín rántí ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ọ̀dà wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ní kó kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí mi létí. Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, nọ́ńbà ilé lásán ni." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Síbẹ̀, mo ní ẹfun ni kó fi kọ ọ́. Ó ní òjò á fọ̀ ọ́ dànù.

Mo ní kó jẹ́ kí òjò fọ̀ ọ́.