Ihò Márùn-ún Lára Páálí

Òórùn ẹ̀tù ìbọn àti ti òróró tí bàbá mi fi ń nu irin ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Wadata. Tí o bá jókòó pẹ́ díẹ̀, wàá tún gbóòórùn àlùbọ́sà láti ilé kejì, níbi tí wọ́n ti máa ń sá a sórí àpò, àti òórùn eruku, nítorí eruku kì í tán ní Niamey. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí ẹnì kan ti ń fi òróró nu irin, ọkàn mi á bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìwọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, torí ìwọ náà tọ́jú òbí, o ò sì ní sáré dá mi lóhùn pé kádàrá ni. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti sú mi.

Aṣọ ni bàbá mi ń tà, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbí, ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé irú èèyàn wo lòun, ọdẹ ni yóò pe ara rẹ̀. Ó ní ìbọn ọlọ́ta kan tó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé pérépéré. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dá, òun àti àwọn àgbà ọdẹ mélòó kan máa ń jáde lọ sígbó. Zarma àti Hausa ni àwọn yòókù, òun nìkan ni Yorùbá àárín wọn, òun ló sì dàgbà jù, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ yìnbọn. Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọta irú ìbọn yẹn ti di àwátì, ẹni kan ṣoṣo tó ń kó o wọlé ti kógbá sílé. Bàbá mi wá pinnu pé òun á máa fọwọ́ ara òun ki ọta. Ó ti ń tọ́jú àwọn agolo idẹ kéékèèké tó máa ń jábọ́ lára ìbọn láti ọjọ́ pípẹ́, ó ku kí a máa kún wọn.

Èmi ló pè. Mo ti kó kúrò nílé ọkọ nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ ní fámasí kan nítòsí ọjà, ó sì mọ̀ pé mo máa ń wọn nǹkan láìfi ìkánjú ṣe é. "Ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n," ó ní, "wá bá mi wọn ẹ̀tù." Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun alẹ́. Bàbá tí kì í jẹ́ kí obìnrin jókòó nítòsí ìbọn òun ló wá ní kí n jókòó tì í yìí. Mo lọ sí ọjà Katako, mo ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, mo ra ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe sí. Ìbọn kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé fún mi, ló ní ìwọ̀n ẹ̀tù tó bá a lára mu. Bí o bá ṣì í, ọta á ṣáko. Bí o bá rí i, ọta márùn-ún á máa wọ ojú kan náà. Iṣẹ́ wa ni láti rí i kí òjò tó dá, kí ó má bàa lọ tẹ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn àsùbáà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣọgbà ewébẹ̀ ní Gamkalley yóò wá fi ọkọ̀ tó fi ń kó sàláàdì gbé wa. Zarma ni ọkùnrin náà, èèyàn jẹ́jẹ́, ó ti bá bàbá mi rìn nínú igbó ju ogún ọdún lọ. Kòtò yangí àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ìlú tí kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀. Èmi ni mo máa ń kó páálí oògùn láti ibi iṣẹ́, mo ti fi tádàwà dúdú ya àmì róbótó sáàárín rẹ̀, màá lọ gbé e ti ògiri kòtò, màá sì ka ọgọ́ta ìgbésẹ̀ padà. Bàbá mi á dùbúlẹ̀, á gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, á yin márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni èmi yóò lọ mú páálí wá.

Ihò wọn kì í súnmọ́ra. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan níkọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, méjì tí kò tilẹ̀ kan páálí rárá. A dín ẹ̀tù kù, a fi kún un, a pààrọ̀ ọta fún èyí tó wúwo jù, a tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bàbá mi á na páálí jìnnà sí ojú, á sún un mọ́ ojú, á sì mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀, kò sì wojú mi. Mo gbà. Mo padà sílé, mo tú gbogbo èyí tí mo ti wọ̀n, mo tún wọn wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, mo pa fáànù kí afẹ́fẹ́ má bàa ti òṣùwọ̀n. Òógùn bo gbogbo ara mi nínú ooru yẹn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ̀tù.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí ẹlòmíì kò gba ìbọn náà yìn, ká lè mọ ibi tí àléébù wà. Nínú ilé tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni kì í yin ìbọn ọdẹ tó bá ṣì ń mí. O lè nù ún, o lè gbé e lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹlòmíì bá fi yìn ín, wọ́n ti sin ẹni tó ni ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀tù nìyẹn, tí à ń pààrọ̀ ọta, tí à ń pààrọ̀ àpò iyanrìn, tí kò sì sẹ́ni tó sọ pé ká pààrọ̀ ẹni tó ń yìnbọn.

Kì í ṣe pé mi ò rí nǹkan. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Mo rí i tó da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, tó sì fi etí agbádá nù ún kíákíá. Mo rí i bí èjìká ọ̀tún rẹ̀ ṣe máa ń kọlu ẹnu ọ̀nà tó ti ń gbà wọlé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ẹ̀ẹ̀kan, alùpùpù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a níwájú ilé, láti ọwọ́ ọ̀tún náà ni. Ó ní ọmọkùnrin yẹn kò fun fèrè, èmi sì gbọ́ fèrè. Ní ọjọ́ kan ó ní kí n bá òun mú oògùn ojú wá láti ibi iṣẹ́, pé eruku ń dà òun láàmú. Mo mú un wá. Mo mú ìgò kékeré méjì wá, mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa kán an. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn àlejò lẹ́nu káńtà pé kí wọ́n lọ fi ojú han dókítà kí wọ́n tó ra nǹkan, ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe dúró níwájú bàbá mi, ọmọ ọdẹ, kí n sọ fún un pé kò ríran mọ́? Mo ní eruku ni. Mo ní ọjọ́ orí ni. Mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe oògùn fún ẹ̀tù, ojú ń kú lọ.

Ọjọ́ tó burú jù ni ọjọ́ tí ọ̀kan ṣoṣo kan páálí nínú márùn-ún. Bàbá mi dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ní ọmọ tí òun fọkàn tán ti ba òun jẹ́, pé ẹ̀tù tí mo wọ̀n kò wúlò fún nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Sai hankuri," pé kó ṣe sùúrù, ó sì na ọwọ́ sí ìbọn bí ẹni tó fẹ́ bá a gbé e sínú ọkọ̀. Bàbá mi kọ̀. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tí o ń wọn ìdọ̀tí, dùbúlẹ̀ kí o yìn ín fúnra rẹ, kí o rí ohun tí o ṣe."

Mo ní, "Bàbá, ìbọn yín ni."

"Mo ní kí o dùbúlẹ̀."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò mí, ó wo ilẹ̀. Mo pààrọ̀ páálí, mo dùbúlẹ̀. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ júwe ibi tí ojú mi yóò wà àti bí màá ṣe mú èémí dúró. Mi ò yìnbọn rí láyé mi. Ìbọn náà ta mí nípàá débi pé èjìká mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo yin márùn-ún, mo dìde, mo rìn lọ síbi páálí.

Ihò márààrún wà níbẹ̀, nínú àmì dúdú náà, ọwọ́ mi kan bò wọ́n tán. Mo dúró síbẹ̀. Mo rántí nọ́ńbà tí mo kọ sínú ìwé, mo rántí pé irú ọta yìí kan náà ni a kì ní ọ̀sẹ̀ kẹta, pé a ti rí ìwọ̀n tí à ń wá láti ìgbà náà, pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀tù, kò sí ohun tó ṣe ìbọn. Bàbá mi wà lọ́gọ́ta ìgbésẹ̀ sí mi, ó dojú kọ mí, kò sì rí nǹkan kan nínú ohun tí mo rí.

"Báwo ló ṣe rí?" ó ké sí mi.

Mo sọ fún un pé wọ́n fọ́n ká.

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo ká páálí náà sí mẹ́rin, mo fi í sábẹ́ ìró mi, mo sì ń rìn padà pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rí ojú mi, ó sì yíjú sí ọkọ̀. Bàbá mi kò tún bínú mọ́. Ó mi orí, ó ní, "Ó dáa. A ó tún un ṣe," ohùn rẹ̀ sì tutù bí èyí tí wọ́n fi ń tu ọmọdé nínú. Ó yẹ kí ohùn yẹn ti yé mi.

A tún un ṣe fún oṣù mẹ́ta gbáko. Èmi tí mo mọ̀ pé kò sí ohun tí à ń wá, mo jókòó ti òṣùwọ̀n, mo ń wọn ẹ̀tù, mo ń kọ nọ́ńbà. Lóròòru ni mo máa ń pinnu pé ọ̀la ni màá sọ ọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí mo bá rí i lórí ẹní ìkírun pẹ̀lú fìlà rẹ̀ funfun, màá lọ gbé òṣùwọ̀n jáde. Òjò dá, àwọn ọdẹ lọ, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìgbà tó ṣubú sínú gọ́tà ní ọ̀sán gangan, tó fi orí ṣèṣe, ni mo tó mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin ni, ọmọdé gan-an, Faransé ló ń sọ, èmi ni mo ń túmọ̀. Ó ní ojú ọ̀tún, èyí tó fi ń yìnbọn, ti kú tipẹ́. Ó ní ti òsì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tán ni, pé bí ó bá ti wá ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sẹ́yìn, oògùn tí wọ́n ń kán sójú lójoojúmọ́ ì bá dá ìyókù dúró, yóò sì máa rí ọ̀nà rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Èyí tó ti lọ kì í padà. Bàbá mi ní, "Kí ló wí?" Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ òtítọ́ nípa ojú rẹ̀ fún un nìyẹn, kò sì lè ṣe é lóore kankan mọ́.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn. Mò ń gé èékánná fún un lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀, ó sì ṣàdédé ní, "Ọjọ́ tí o yìnbọn yẹn, ojú kan náà ni wọ́n wọ̀, àbí?"

Abẹ dúró lọ́wọ́ mi.

"Mo mọ̀," ó ní. "O pẹ́ níbẹ̀. Páálí tí ihò rẹ̀ bá fọ́n ká, èèyàn kì í dúró tì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ojú mi ni kí n tó ní kí o dùbúlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi, kí n bínú sí i, kí n sì dìde lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Mo bi í pé kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò sọ, nígbà tó rí i pé mo parọ́.

"Mo gbọ́ bí o ṣe ń mí," ó ní. "Ẹ̀rù ń bà ọ́. Mi ò fẹ́ dá kún un." Ó sì na ìka tó kàn sí mi.

Mo gé e. Mo gé gbogbo rẹ̀ tán, mo gbá ilẹ̀, mo wọlé lọ, mo jókòó ní yàrá ẹ̀yìn títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Kò fi ẹ̀sùn kàn mí rí láti ọjọ́ náà, ì bá sì dára fún mi kó fi kàn mí. Wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé ọmọ kì í sọ àbùkù bàbá rẹ̀ sí i lójú, mo sì mọ ẹ̀kọ́ náà dáadáa, mi ò ṣì í nígbà kankan. Èmi ń bọ̀wọ̀ fún un, òun ń ṣàánú mi, àárín wa níbẹ̀ ni ojú náà kú sí.